Mùdùnmúdùn Kẹ́hìndé

Abà Onírókò,
Lẹ́yìn Moniya, Ọ̀nà Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá, 1964.

Sí ọmọ mi Títíladé, dókítà inú eegun,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ò tíì tán nínú àwọn ìgò yín? Ọlọ́run tó mú ọ la òkun kọjá lọ sí Ìlú Ọba, tó sì mú ọ bọ̀ láìjẹ́ kí ẹja fi ọ́ ṣe oúnjẹ, òun ni kó máa ṣọ́ ọ láàárín àwọn aláìsàn, kí àìsàn ẹnikẹ́ni má ràn ọ́, kí ìwé àkàjù má sì fọ́ ọ lójú, nítorí dígí ojú rẹ ti nípọn tó ìdí ìgò báyìí. Àmín. Bàbá yín kí ọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún ṣì ń dun àwọn, àti pé inú ò bí àwọn rárá pé ọmọ àwọn tó kàwé eegun fún ọdún mẹ́sàn-án ò rí nǹkan ṣe sí orúnkún. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ kó o mọ̀ ni.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o. Tísà Múyì ló máa ń bá mi kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá mi kọ kẹ́yìn, kí n tó rìn láti ilé rẹ̀ dé ilé mi, wọ́n ti ń kí mi lójú ọ̀nà pé ẹ kú ọ̀rọ̀ Táíwò, ẹ kú àìsàn ọmọ. Ìwé tí mo kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìwọ àti Wándé àbúrò rẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá ń ka A B D bí ọmọ ìràkòrò, òun náà ni mo wá fi ń bú ọ lónìí. Ẹ̀kọ́ kì í ṣòfò.

Ní ti ilé, a dúpẹ́. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, kòkó wà lórí ẹní, àgbàdo kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ mi aláwọ̀ eérú ti bímọ, ẹyọ kan ló bí, kò bí ìbejì, ó sì yé mi ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, ṣùgbọ́n má da ara rẹ láàmú, ìwọ tọ́jú inú eegun àwọn èèyàn, àwa á máa fi abọ́ gbe omi òjò.

Wọn ò yéé bi mí ní irú dókítà tí o jẹ́. Ọmọ Mojísọ́lá, aládùúgbò mi, dìsípẹ́ńsà lásán ni ní Moniya, kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, ṣùgbọ́n bí inú bá run èèyàn ó ní oògùn funfun, bí ibà bá múni ó ní oògùn pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó korò bí orógbó, bí ó bá sì di ìgbà ìkórè, iṣu tí wọ́n ń gbé wá fún Mojísọ́lá kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Tèmi wá nìyí, tí gbogbo ìjọ gbégbá owó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lè wọkọ̀ lọ kàwé. Mo gbé ẹ̀fọ́rí tọ̀ ọ́ wá, o ní kì í ṣe ẹ̀ka tìrẹ. Mo gbé inú rírun wá, kì í ṣe ẹ̀ka tìrẹ. Orúnkún bàbá yín, mo ní ṣé eegun kọ́ nìyẹn ni, o ní inú eegun ni tìrẹ, kì í ṣe ìta rẹ̀. Ni mo bá ń sọ fún àwọn èèyàn pé dókítà mùdùnmúdùn lọmọ mi. Mojísọ́lá wá bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé mùdùnmúdùn tí à ń gbá jáde nínú eegun ẹran lọ́jọ́ Àìkú náà ni, mo ní òun kúkú ni. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án? Ó ní ọmọ-ọmọ òun ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n fà mu dáadáa, wọn ò sì rán an lọ síbì kankan. Ojú tì mí, àmọ́ mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Táíwò ló gbé mi dé ìdí bébà lónìí, ìwọ náà sì mọ̀. Ìgbà tí nǹkan yìí kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ láìṣubú, tí ara rẹ̀ ń yọ àmì pupa wínníwínní, mo se pòròpórò ọkà bàbà fún un, ó mu ún títí ètè rẹ̀ fi pọ́n, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bíi ti ẹni tó ń fọwọ́ po ẹ̀kọ. Kẹ́hìndé náà mu tirẹ̀, nítorí a kì í fún ọ̀kan láìfún èkejì, òun sì pọ́n dáadáa. Oṣù kẹta rèé tí Táíwò ti wà lọ́dọ̀ rẹ ní ọsibítù. O ní inú eegun ni ara ti ń se ẹ̀jẹ̀, pé iná ti kú nídìí ààrò tirẹ̀. Mo ní ṣé kò sí ẹni tó lè tún un dá ni? O ní ẹ ṣì ń wá bí ẹ ṣe máa ṣe é, ẹ ó kọ́kọ́ máa fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ràn án lọ́wọ́.

Àwọn ẹlòmíràn náà mà kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọlọ́pàá kan wà nínú èyí tí ẹ fún un. Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀, kò jẹ́ kí n jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ibi tí mo ti ń bọ̀, ẹni tó bá mi wá, àti ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Bàbá yín náà fi ìgò kan tiwọn sí ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ tí ẹ ń pè ní báńkì. Wọn ò fún wọn ní ìwé kankan. Nígbà tí wọ́n padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kí ẹ mú tàwọn gan-an jáde fún Táíwò, ẹ ní ó ti lọ sára ẹlòmíràn. Bàbá yín ní àwọn ò tíì rí báńkì tó ń náwó oníbàárà lójú ara rẹ̀ báyìí rí. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣì ń wo gbogbo ọkùnrin tí wọ́n bá pàdé ní Moniya, pé bóyá òun ló gbé ẹ̀jẹ̀ àwọn?

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà rẹ dé pé mùdùnmúdùn ni Táíwò nílò, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan. Mo ní ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ni o fi ń da ọkàn mi rú? Mo lọ bá Jùbrílù alápatà, mo ra ẹsẹ̀ màlúù mẹ́rin, kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán o, èyí tí mùdùnmúdùn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo bẹ Sàníù, onílọ́rì tó ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, kó gbé e dé ọsibítù, mo sì fi ìwé há a lára pé: Ti Táíwò ni, kí ẹ lò ó bó bá ṣe yẹ. O kọ̀wé padà pé ẹ kú ìnáwó o, mùdùnmúdùn màlúù ò lè wọ ara èèyàn. Mo ní kò burú, àṣìṣe tèmi ni, èmi ò lọ Ìlú Ọba. Ṣùgbọ́n Sàníù ní nígbà tí òun yà sọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ kejì, ìwọ àti àwọn nọ́ọ̀sì jókòó ti abọ́, ẹ ń gbá eegun mọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀. Èyí tí kò lè wọ ara èèyàn, ó mà wọ ara dókítà o.

Kò tán síbẹ̀. O wá ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an. Ẹ ó fi abẹ́rẹ́ ńlá fa mùdùnmúdùn nínú eegun ìbàdí ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹ ó dà á sínú ìgò, ẹ ó sì jẹ́ kó máa kán wọ iṣan apá ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Apá kẹ̀! Ṣé ìbàdí kọ́ lẹ ti bù ú ni? O ní ó mọ ọ̀nà, pé á máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn títí á fi dé inú eegun, láìsí ẹni tó júwe fún un. Ó mà dára o. Sàníù ti ń wakọ̀ lọ sí Ìbàdàn láti ọdún méje, ó ṣì ń ṣìnà ní Mọ́kọ́lá, ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn tí kò lójú tí kò lẹ́nu tí á fi bi èèyàn, òun mọlé. O tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ tuntun ni, pé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó gan-an, àwọn tó kú níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó yè lọ, pé ọ̀rọ̀ ìbejì nìkan ló ti dára díẹ̀. Mo dúpẹ́ pé o ò purọ́ fún mi. Ì bá wù mí kó o purọ́ díẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé pé èmi ni mo kọ́kọ́ na apá mi. O wo ẹ̀jẹ̀ mi, o ní kò bára mu. Tèmi! Èmi tí mo gbé e nínú fún oṣù mẹ́sàn-án, tí kò rí nǹkan míì jẹ bí kò ṣe ohun tí mo jẹ! Wándé na tirẹ̀, ó ga bí òpó, eegun ló kún ara rẹ̀, o ní kò bára mu. O ní Kẹ́hìndé nìkan ni ara Táíwò ò ní bá jà, nítorí pé inú ẹyin kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti jáde. Títíladé, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi láyé mi. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, Ìyá Agbẹ̀bí ló gbẹ̀bí gbogbo yín, ó ṣì wà láàyè, kó o lọ bi í. Kò sí ẹyin níbẹ̀. Mi ò sàba rí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Ẹni tó ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Gbogbo wa la mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló rán Táíwò ṣíwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò, òun ni àgbà bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dé kẹ́yìn. Ayé tí Táíwò tọ́ wò ti wá korò lẹ́nu rẹ̀, ta la fẹ́ ké sí bí kò ṣe ẹni tó rán an? O ní kí Kẹ́hìndé dé ọ̀dọ̀ rẹ ó pẹ́ tán lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún, pé bí ẹ bá ń da ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí Táíwò lára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo rẹ̀. O fi fọ́ọ̀mù sínú lẹ́tà náà kí n kọ nǹkan sí i.

Màá sọ òótọ́ fún ọ, kó o má sì tíì bínú. Ọjọ́ mọ́kànlá ni lẹ́tà yẹn fi wà nísàlẹ̀ àpótí mi, tí mi ò sọ fún Kẹ́hìndé.

Ìdí tí mo sọ fún bàbá yín ni Adétutù. Ìwọ náà mọ̀ pé oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó Kẹ́hìndé pẹ̀lú Olúyínká, tísà tó wà ní Ìjàyè. Adétutù ìyá Olúyínká gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fìrìfìrì, má bi mí lọ́wọ́ ẹni tó ti gbọ́ ọ, Tísà Múyì lẹ́nu. Ó wá bá mi nílé nígbà tí Kẹ́hìndé ò sí níbẹ̀, kò jókòó, kò mu omi. Ó ní àwọn gbọ́ pé a fẹ́ fa inú eegun ìyàwó àwọn gbẹ, pé eegun òfìfo ò lè gbé oyún dúró. Mo ní ọmọ mi dókítà ní díẹ̀ ni wọ́n á fà, pé á sì tún hù padà bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a já lórí. Ó bi mí pé ṣé ọmọ mi ti rí ibi tó ti hù rí, àbí inú ìwé ló ti kà á. Ó bá tirẹ̀ lọ, ó sì gbé ọsàn tí mo fi ṣe é lálejò lọ́wọ́, inú tó ń bí i ò dé ibi ọsàn.

Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa fún bàbá yín. Adétutù ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Láti ọjọ́ tí mo ti bí àwọn ọmọ yìí, ọdún kejìdínlógún rèé, ohun tí mo fún ọ̀kan ni mo fún èkejì. Bí mo bá ra bùbá, méjì ni. Bí ibà bá mú ọ̀kan, àwọn méjèèjì ló máa mu àgbo. Bí ọ̀kan bá ṣẹ̀, méjèèjì ni mo máa ń nà, kí ẹnì kan má baà sọ pé a rẹ́ òun jẹ. Ìwọ wá ní kí n mú lára ọ̀kan fún èkejì, kí ẹni tó fún èèyàn má gba nǹkan kan padà. Ìbejì ò gba irú èyí. Mo sì tún ń rò ó pé bí Táíwò bá lọ, kí Ọlọ́run má gbà, ó ku Kẹ́hìndé fún mi. Bí mo bá wá fi ọwọ́ ara mi ti Kẹ́hìndé tẹ̀lé e, tí abẹ́rẹ́ yín gba ibi tí kò yẹ kó gbà, kí ni màá máa jẹ́ bí wọ́n bá kí mi lọ́jà pé Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà? Títíladé, mo sunkún. Mo sunkún, mo sì tún lọ sá kòkó.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo dá ọgbọ́n kan. Mo jókòó ti fọ́ọ̀mù yín. Ibi tí ẹ ti béèrè orúkọ ẹni tó fẹ́ fúnni ní mùdùnmúdùn, mo kọ Kẹ́hìndé àti Táíwò. Ibi tí ẹ ti béèrè orúkọ ẹni tó fẹ́ gbà á, mo kọ Táíwò àti Kẹ́hìndé. Èrò mi ni pé kí ẹ fa ti Kẹ́hìndé fún Táíwò, kí ẹ sì fa ìwọ̀nba tó kù lára Táíwò, bó tilẹ̀ ṣe ṣíbí kan, fún Kẹ́hìndé, kí ọ̀rọ̀ náà lè gún régé. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí wọn, mo kọ ọdún tí àwọn sójà ti Bọ́mà dé. Ẹ ní kí n kọ ẹni tí ẹ máa ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo kọ Ọlọ́run. Ẹ tún béèrè àdírẹ́sì rẹ̀, mo kọ ti ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ibi tí ẹ ti béèrè bí Kẹ́hìndé ṣe wúwo tó ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo tàn án pé aránṣọ ló fẹ́ mọ̀ ọ́n nítorí aṣọ ìgbéyàwó, mo mú un lọ sí ilé ìwọ̀n kòkó ní Moniya. Ó gun orí ìwọ̀n, Làmídì tó ń wọn kòkó wò ó, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn pé Gíréèdì Kìíní ni, kò ní omi lára. Mo kọ ìyẹn náà sínú fọ́ọ̀mù, ó lè ràn yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé kì í ṣe ọmọ tí èèyàn ń tàn. Ó ní aránṣọ wo ló ń fi ìwọ̀n kòkó rán aṣọ. Nígbà tí mo lọ sí odò, ó tú àpótí mi, ó rí lẹ́tà, ó rí fọ́ọ̀mù.

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí mo fi dé, ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ti gún Táíwò ní abẹ́rẹ́ ìbàdí yẹn lóṣù Kẹsàn-án, lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wo inú eegun rẹ̀ tí ẹ ò rí nǹkan níbẹ̀. Mo ní lóòótọ́ ni. Ó ní, tèmi dà? Mi ò gbọ́ ọ yé. Ó ní láti kékeré, mi ò fún Táíwò ní nǹkan kan láìfún òun, ó fọ́ ìkòkò, mo na òun mọ́ ọn, ó jí ẹyọ ẹran nínú ọbẹ̀, mo na òun mọ́ ọn, òun ò sọ̀rọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ìbejì. Oṣù kẹta rèé tí Táíwò ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, tí mo fi ti òun pamọ́ sínú àpótí. Ó ní àwọn méjèèjì ò jẹ mí ní gbèsè kankan tí màá fi rẹ́ òun jẹ báyìí.

Mo jókòó tì í, mo sì sọ ohun tí Adétutù bá wá fún un.

Ó mú bírò, ó fi ìlà fa Táíwò já níbi ẹni tó fẹ́ fúnni, ó fa Kẹ́hìndé já níbi ẹni tó fẹ́ gbà á, ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sísàlẹ̀. Ọlọ́run nìkan ló fi sílẹ̀ ní ipò tí mo fi í sí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó wọkọ̀ lọ sí Ìjàyè, ó bá Adétutù níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa bí ọmọ gidi, ó ní òun ò wá tọrọ àyè, òun wá dágbére ni. Ó ní bó bá jẹ́ ìyàwó tí inú eegun rẹ̀ kún ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n tètè máa wá a lọ, nítorí òun ò lè ru eegun tó kún fọ́fọ́ lọ sin ẹni tí wọ́n jọ wáyé. Olúyínká ló fi kẹ̀kẹ́ gbé e padà wá sílé, gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn, ó sì sọ fún bàbá yín pé bí ìgbéyàwó bá ní láti sún síwájú, òun á dúró. Adétutù ò tíì sọ nǹkan kan láti ọjọ́ náà. Bó o bá ń kọ àwọn ohun tí mùdùnmúdùn lè ṣe sínú ìwé rẹ, kọ ìyẹn síbẹ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀ rí ní gbogbo ìgbèríko yìí.

Nítorí náà, ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá fún ọ, tó dúró níwájú rẹ bó o ṣe ń kà á, Kẹ́hìndé ni. Sàníù ló gbé e wá, mo ti kìlọ̀ fún un kó má gba Mọ́kọ́lá. Fọ́ọ̀mù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹrù tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tiwọn ni: ẹní méjì, ìró méjì, kọ́ọ̀pù méjì, agolo àkàrà méjì. Má fún ọ̀kan nínú ohunkóhun láìfún èkejì, títí kan omi. Fi ibùsùn wọn ti ara wọn. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì àgbà yín á ní òfin ò gbà á, sọ fún un pé ìyá dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí mùdùnmúdùn náà bá ń kán lọ́wọ́, jẹ́ kí Kẹ́hìndé jókòó síbi tí Táíwò á ti máa rí i. Ọ̀nà lè ṣókùnkùn fún un nínú iṣan yẹn, ó dáa kí ẹni tó ni ín wà nítòsí.

Ní ti owó, mo mọ̀ pé dókítà tí kì í wo ẹ̀fọ́rí kò lè lówó lọ́wọ́, mi ò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu. Fi owó ọkọ̀ èmi àti bàbá yín ránṣẹ́ ṣá, kí a lè wá jókòó tì wọ́n, àti owó páànù méjì fún òrùlé ilé ìdáná, àti ti epo òyìnbó, nítorí àtùpà ni mo fi ń kọ ìwé tí mo fi ń bú ọ. Bí ó bá ṣẹ́kù, kó o ra nǹkan gidi fún ara rẹ jẹ. O rù nígbà tí mo rí ọ kẹ́yìn. Mo rí i, mi ò kàn sọ ni.

Títíladé ọmọ mi, wọ́n ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ tó, èmi gan-an ni olórí wọn. Mo ti sọ ọ́ sókè sódò pé o lọ Ìlú Ọba lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mu mùdùnmúdùn. Bí iṣẹ́ yìí bá yọrí, èmi ni màá dìde láàárín ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, kí Mojísọ́lá wà níbẹ̀, kí dìsípẹ́ńsà rẹ̀ wà níbẹ̀, màá sì sọ pé mo mọ ohun tí ọmọ mi fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́. Bí kò bá sì yọrí, mi ò ní bú ọ. Ìgbà yẹn nìkan ni ẹnu mi máa dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ìdákẹ́ mi yẹn á dùn ọ́ ju èébú lọ. Má jẹ̀ẹ́ kí n dákẹ́.

Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ rẹ ò ní ṣìnà. Ohun tí o bá fà nínú ìbàdí Kẹ́hìndé á tún hù, èyí tí o bá dà sí apá Táíwò á mọlé, á wọlé, á dáná sí ààrò tó ti tutù. Ẹyin tí ìwọ nìkan rí, Ọlọ́run tó fi wọ́n sínú rẹ̀ pọ̀ kò ní yà wọ́n. Àmín.

Má dá ọ̀kan padà fún mi ṣáájú èkejì. Bí ara Kẹ́hìndé bá yá lọ́la, dá a dúró sọ́dọ̀ rẹ. Bó gba oṣù kan, bó gba ọdún kan, lọ́rì kan náà ni kí wọ́n jọ wọ̀. Ọjọ́ kan náà ni mo bí wọn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Gbọ́njúbọ́lá,
Ìyá Ìbejì. Mo kọ orúkọ yẹn síbẹ̀ fúnra mi. Bá mi ṣọ́ ọ.